Dọkumẹ́ńtárì lórí àwọn tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n láìṣẹ̀: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ wò?

Dọkumẹ́ńtárì tó dá lórí àwọn tí ọlọ́pàá kó ẹ̀sùn sí lọ́rùn, tí wọ́n fẹ̀wọ̀n gbára ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, kó tó hàn pé wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ti pọ̀ débi pé èèyàn ò mọ èyí tóun máa mú. Àwọn kan dáa gan-an. Àwọn kan sì wà, tẹ́ ẹ bá wò wọ́n tán inú yín á kàn máa ru ni, ẹ ò ní lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ibi tí nǹkan ti wọ́, ṣé lọ́wọ́ ọlọ́pàá ni, ṣé lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí ni, àbí lọ́wọ́ lọ́yà ìjọba. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an, mo sì fẹ́ kéèyàn púpọ̀ máa wò wọ́n, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí ò bá yín mu.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Èyí tó ju gbogbo ẹ̀ lọ lójú tèmi ni ìbéèrè tí fíìmù náà ń béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bi yín pé ta ló ṣe é. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń fi hàn yín bí wọ́n ṣe sọ ẹni tí ò ṣe é di ẹni tó ṣe é: wákàtí mélòó ni wọ́n fi fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ta ló jókòó tì í, ìwé wo ni wọ́n ní kó fọwọ́ sí, kí ni ẹlẹ́rìí sọ lọ́jọ́ kìíní tó yàtọ̀ sóhun tó wá sọ nílé ẹjọ́. Irú kejì yìí ni mo máa ń wá. Ta-ló-ṣe-é dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń sọ òǹwòran di ẹni tó ń nàka sí ẹlòmíì láìsí ẹ̀rí tó dájú, bẹ́ẹ̀ ohun tó gbé ẹni tá à ń tìtorí ẹ̀ sunkún dẹ́wọ̀n gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé ó ṣeé gbára lé? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ síbí o, torí nínú ọ̀pọ̀ kéèsì yìí ọlọ́pàá àti lọ́yà ìjọba kì í gbà láti sọ̀rọ̀, ẹ̀bi ẹni tó ṣe fíìmù kọ́ nìyẹn. Ẹ̀bi ẹ̀ ni tó bá jẹ́ pé wọ́n gbé ẹ̀rí kan kalẹ̀ nílé ẹjọ́, ó wá fò ó torí pé kò bá ìtàn tó fẹ́ sọ mu.

Ti ohun tó máa ná yín, owó kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tí Netflix fúnra wọn ṣe, owó oṣù kan tó láti wo gbogbo wọn tán tẹ́ ẹ bá fara jì í. Àwọn tó ti pẹ́ máa ń ti orí ìkànnì kan bọ́ sí òmíì, nítorí náà ẹ wá orúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó síbì kankan, ẹ sì rẹ́ǹtì ẹyọ kan dípò kẹ́ ẹ máa san owó oṣooṣù síbi mẹ́ta. Àkókò àti ọkàn ni wọ́n ń ná èèyàn. Òmíì ò ju 40 ìṣẹ́jú lọ, òmíì máa gbà yín ní ogún wákàtí. Èyí tó kẹ́yìn ni ẹni tó kú. Nínú ọ̀pọ̀ kéèsì yìí ẹnì kan ló kú tàbí tí wọ́n ṣe léṣe, ó ní mọ̀lẹ́bí, fíìmù tó bá sọ ọ́ di orúkọ lásán, máàkì ẹ̀ ti dín lọ́dọ̀ mi.

The Thin Blue Line (1988)

Errol Morris ló ṣe é, kò pé wákàtí méjì. Nínú gbogbo wọn òun ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n.

Lóṣù November 1976, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Robert Wood dá mọ́tò kan dúró lóru ní Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ọmọ ọdún 16 kan, David Harris, ló jí mọ́tò yẹn, òun náà ló lọ ń fọ́nnu fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé òun pa ọlọ́pàá, àmọ́ nígbà tọ́wọ́ bà á ó ní òun kọ́, pé Randall Dale Adams ni, ọkùnrin kan tóun gbé lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn nígbà tí epo tán nínú mọ́tò tiẹ̀. Òfin Texas ò lè pa ọmọ ọdún 16. Ó lè pa Adams. Ọlọ́pàá ló kú, gbogbo ìlú ń fẹ́ kí wọ́n pa ẹnì kan, ẹ̀yin náà ẹ wo ẹni tí wọ́n mú. Wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 1977, ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n pa á ní 1979 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n dúró. Ọdún 12 ló lò kó tó jáde ní 1989, ìyẹn ọdún kan lẹ́yìn tí fíìmù yìí jáde.

Morris ò tiẹ̀ tìtorí Adams lọ sí Dallas. Dókítà ọpọlọ kan ló ń wá, James Grigson, tó máa ń wá jẹ́rìí nílé ẹjọ́ pé ẹni báyìí á tún pààyàn tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, àwọn èèyàn wá ń pè é ní Dókítà Ikú. Ibi tí Morris ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tí Grigson jẹ́rìí lòdì sí lẹ́nu wò ló ti bá Adams pàdé.

Ohun tó jẹ́ kí n gbẹ́kẹ̀ lé e ni pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ṣe ìwádìí, adájọ́ tó gbẹ́jọ́, àwọn tó jẹ́rìí, títí kan Harris fúnra ẹ̀, gbogbo wọn ló jókòó síwájú kámẹ́rà tí wọ́n sọ tẹnu wọn, ẹ ó sì máa gbọ́ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń takora láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo lé wọn lórí. Morris tún ń ṣe àfihàn ìyìnbọn yẹn lóríṣiríṣi, bí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ṣe ní òun rí i. Àwọn kan ò fẹ́ràn ìyẹn, wọ́n ní eré orí ìtàgé ni. Mi ò bá wọn gbà, torí ó jẹ́ kí ojú yín rí i pé ohun tí ẹlẹ́rìí kan sọ kò lè ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ohun tí èkejì sọ. Ibi tó kù sí: ó falẹ̀, kò sí asọ̀tàn, wọn ò kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń wò ó tẹ́ ẹ tún ń tẹ fóònù, ẹ máa sọnù.

Ìjọba ò sì san kọ́bọ̀ owó gbà-má-bínú fún Adams títí ó fi kú.

The Central Park Five (2012) àti Murder on a Sunday Morning (2001)

Mo kó àwọn méjì yìí pọ̀ torí ohun kan náà ni wọ́n dá lé: ọmọdé tó fọwọ́ sí ìwé pé òun ṣe ohun tí ò ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé "èmi ò lè jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe láéláé." Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ọ̀kan nínú méjì yìí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́, Ken Burns, Sarah Burns àti David McMahon ló ṣe é, bíi wákàtí méjì. Lóṣù April 1989 wọ́n fipá bá obìnrin kan tó ń sáré ìdárayá lò ní Central Park, ní New York, wọ́n lù ú títí ó fi kù díẹ̀ kó kú. Ọlọ́pàá kó ọmọkùnrin márùn-ún, aláwọ̀ dúdú mẹ́rin àti ọmọ Látìn kan, ọdún 14 sí 16 ni wọ́n: Antron McCray, Kevin Richardson, Yusef Salaam, Raymond Santana àti Korey Wise. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò fún wákàtí gbọọrọ, wọ́n ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé àwọn tó kù ti dárúkọ ẹ̀, pé tó bá ti sọ̀rọ̀ ó ti ń lọ sílé nìyẹn. Ẹ máa rí fídíò ìjẹ́wọ́ yẹn fúnra yín, ẹ máa gbọ́ pé ibi tí wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀ ò dọ́gba, ohun tí wọ́n ní wọ́n fi lù ú ò dọ́gba, DNA (àmì inú ara tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀) tí wọ́n rí kì í sì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Ní 2002 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Matias Reyes, tó ti wà lẹ́wọ̀n tẹ́lẹ̀, jẹ́wọ́ pé òun nìkan ló ṣe é, DNA sì bá tiẹ̀ mu. Wọ́n fagi lé ìdájọ́ yẹn lọ́dún náà, ìlú New York sì gbà láti san $41 mílíọ̀nù fún wọn ní 2014. Salaam ti di aṣòfin ìlú New York báyìí, 2023 ni wọ́n dìbò yàn án. Ọlọ́pàá àti lọ́yà ìjọba ò sọ̀rọ̀ nínú fíìmù yìí, àlàfo yẹn hàn, àmọ́ fídíò ìjẹ́wọ́ yẹn fúnra ẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

Èkejì, Jean-Xavier de Lestrade, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é, ó sì gba Oscar ní 2002. Brenton Butler jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní Jacksonville, ní Florida. Lọ́dún 2000 ó ń rìn lọ láti lọ wáṣẹ́ ni ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n mú un lọ síwájú ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìnbọn pa ìyàwó ẹ̀ lójú ẹ̀, ọkùnrin náà ní ọmọ yẹn ni. Láàárín ọjọ́ kan náà wọ́n ti ní ìwé ìjẹ́wọ́ tó fọwọ́ sí, fọ́tò ojú ẹ̀ tó wú sì wà níbẹ̀. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn fíìmù yìí ju ti New York lọ lápá kan ni pé inú kóòtù lẹ máa wà. Àwọn lọ́yà tí ìjọba ń gbé fún ẹni tí ò lówó, Patrick McGuinness àti Ann Finnell, ni wọ́n ń bi àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi hàn gbangba pé ẹnikẹ́ni ò wá ẹ̀rí kankan lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ọmọ yẹn mú. Kò tó wákàtí kan tí júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dájọ́, fi dá a sílẹ̀. Ó lo bíi oṣù mẹ́fà látìmọ́lé ni, wọn ò dá a lẹ́bi rárá, nítorí náà ẹni tó ń wá ìtàn ogún ọdún lẹ́wọ̀n ò ní rí i níbí. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí lọ́yà ṣe nígbà tí ọlọ́pàá bá ń purọ́, kò sí èyí tó fi hàn tó báyìí.

Making a Murderer àti Paradise Lost: àwọn tó gùn

Making a Murderer (Netflix, 2015 àti 2018) ló gbajúmọ̀ jù, òun ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín, òun náà ni mo máa ń ní kéèyàn fara balẹ̀ sí. Ogún apá ni. Steven Avery, ní Wisconsin, lo ọdún 18 lẹ́wọ̀n lórí ìfipábánilòpọ̀ tí ò ṣe, DNA tú u sílẹ̀ ní 2003, ó pe ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́jọ́ fún $36 mílíọ̀nù, kí ẹjọ́ yẹn tó parí ni wọ́n tún mú un ní 2005 pé ó pa ọ̀dọ́bìnrin ayàwòrán kan, Teresa Halbach. Wọ́n tún mú ọmọ ọmọ ìyá ẹ̀ obìnrin mọ́ ọn, Brendan Dassey, ọmọ ọdún 16. Àwọn méjèèjì ṣì wà lẹ́wọ̀n.

Apá tó dá lórí Brendan ló tó gbogbo wákàtí yẹn. Kò sí lọ́yà, kò sí ìyá ẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń bi í pé kí ni wọ́n ṣe sí orí obìnrin yẹn, ọmọ náà ń méfò, ó ń sọ eléyìí, ó ń sọ tọ̀hún, títí tó fi sú wọn tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún un pé wọ́n yìnbọn fún un lórí. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ó ń béèrè bóyá òun ṣì lè padà sílé ìwé torí iṣẹ́ kan tóun fẹ́ fi sílẹ̀. Adájọ́ kan fagi lé ìdájọ́ ẹ̀ ní 2016, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà ní 2017 pẹ̀lú ìbò mẹ́rin sí mẹ́ta.

Ti Avery ni mi ò ti lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìdìpọ̀ kìíní fo àwọn ẹ̀rí kan tí lọ́yà ìjọba gbé kalẹ̀, bíi DNA tí wọ́n ní ó jẹ́ tiẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò olóògbé. Ẹ̀rí yẹn lè ní àlàyé, ìdìpọ̀ kejì tiẹ̀ gbìyànjú, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n fi pa mọ́ fún òǹwòran tó fún wọn ní wákàtí mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wo ìdìpọ̀ kìíní tí wọ́n sáré fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí ààrẹ Amẹ́ríkà dárí jì í, iléeṣẹ́ ààrẹ sì fèsì ní 2016 pé kéèsì ìpínlẹ̀ ni, ààrẹ ò láṣẹ lórí ẹ̀. Halbach náà ò fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀ bó ṣe yẹ.

Paradise Lost jẹ́ fíìmù mẹ́ta (1996, 2000, 2011), iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO ló gbé e jáde, Joe Berlinger àti Bruce Sinofsky ló ṣe é, gbogbo ẹ̀ ò tó wákàtí méje. Wọ́n pa ọmọkùnrin mẹ́ta ọlọ́dún mẹ́jọ ní West Memphis, ní Arkansas, ní 1993. Wọ́n mú ọ̀dọ́ mẹ́ta, Damien Echols, Jason Baldwin àti Jessie Misskelley, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ nípa Echols ò ju pé ó ń wọ aṣọ dúdú, ó ń gbọ́ orin onígìtá líle, ó ń ka ìwé nípa àjẹ́. Misskelley tí ọpọlọ ẹ̀ ò yá ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún wákàtí púpọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n gbà sínú téèpù. Wọ́n dájọ́ ikú fún Echols. Ọdún 18 lẹ́yìn náà, ní August 2011, wọ́n jáde, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe jáde: wọ́n ní kí wọ́n gbà pé ìjọba ní ẹ̀rí tó lè dá wọn lẹ́bi, kí wọ́n ṣì máa sọ pé àwọn ò ṣe é. Ìyẹn ni pé òmìnira wà, ìdáláre ò sí.

Ti àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yìí ga ju Making a Murderer lọ fíìfíì, wọ́n jẹ́ kí àwọn òbí àwọn ọmọ tó kú sọ̀rọ̀, ìrora wọn wà níbẹ̀. Ìkejì ló bí mi nínú. Ó nàka sí ọ̀kan nínú àwọn òbí yẹn títí, ìkẹta wá yí ìka náà sí ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ kankan ò dá ìkankan nínú wọn lẹ́bi. Ẹ wo ìkíní, ẹ fo ìkejì, ẹ wo ìkẹta kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó já sí.

The Innocence Files (Netflix, 2020)

Apá mẹ́sàn-án, iṣẹ́ àwọn lọ́yà Innocence Project, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àwọn tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n láìṣẹ̀, tí Barry Scheck àti Peter Neufeld dá sílẹ̀ ní 1992 ló tẹ̀ lé. Wọ́n pín in sọ́nà mẹ́ta: ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì, ẹlẹ́rìí tó ní òun fojú rí i, àti lọ́yà ìjọba. Ẹ lè mú apá tó bá wù yín láìbẹ̀rẹ̀ látòkè, ohun tó dáa jù nípa ẹ̀ nìyẹn fún ẹni tí ò ráyè.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ má fò. Ní Mississippi, Levon Brooks àti Kennedy Brewer, kéèsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta mẹ́ta ló kú, dókítà eyín kan náà ló wá sọ nínú méjèèjì pé àmì eyín tóun rí lára ọmọ bá ti afurasí mu. Wọ́n fún Brooks ní ẹ̀wọ̀n gbére, wọ́n dájọ́ ikú fún Brewer. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wá hàn pé ó pa ọmọ méjèèjì, 2008 sì ni wọ́n dá àwọn tó wà lẹ́wọ̀n láre. Tí wọ́n bá ti wá ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi yẹn dáadáa nígbà tí ọmọ àkọ́kọ́ kú, ọmọ kejì ò bá má kú. Fún ẹni tó gbà pé sáyẹ́ǹsì kì í purọ́ nílé ẹjọ́, kò sí èyí tó lè là á lójú tó báyìí. Àléébù ẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ àwọn lọ́yà yẹn ló wà látòkè délẹ̀, ẹ máa fi ìyẹn sọ́kàn.

Presunto culpable (2008)

Mexico lèyí ti wá, èdè Spanish ni wọ́n ń sọ, ìtumọ̀ wà nísàlẹ̀. José Antonio Zúñiga, ọmọkùnrin tó ń tajà lọ́jà ní Mexico City, ni wọ́n gbé ní 2005, wọ́n fún un ní ogún ọdún lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, wọ́n yẹ ọwọ́ ẹ̀ wò wọn ò rí ẹ̀tù ìbọn kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ wá rí i pé ìwé ẹ̀rí lọ́yà àkọ́kọ́ tó gbèjà ẹ̀, ayédèrú ni, wọ́n bá ní kí wọ́n tún ẹjọ́ yẹn ṣe, wọ́n sì gbà kí kámẹ́rà wọlé. Adájọ́ kan náà ló tún gbọ́ ọ, ó tún dá a lẹ́bi. Fídíò yẹn ló wá tú u sílẹ̀ nílé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nígbà tó dé sinimá ní 2011, adájọ́ kan ní kí wọ́n dá a dúró, ìyẹn wá jẹ́ kí gbogbo ìlú máa wá a. Bíi wákàtí kan àbọ̀ ni. Ẹni tó bá rò pé Amẹ́ríkà nìkan nirú nǹkan yìí ti ń ṣẹlẹ̀, kó wò ó.

Àwọn tó kù, ní ṣókí

Long Shot (Netflix, 2017) jẹ́ 40 ìṣẹ́jú. Wọ́n mú Juan Catalan ní Los Angeles fún ìpànìyàn, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbá baseball ló wà pẹ̀lú ọmọ ẹ̀, àwọn tó ń ya eré tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀ ló ṣèèṣì ya àwòrán ẹ̀ mọ́ ọn. Ó parí síbi tó dáa. Kò ṣàlàyé ìwà ọlọ́pàá jinlẹ̀.

Crime + Punishment (2018) ti Stephen Maing yàtọ̀ sí gbogbo wọn, torí ẹnu àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn lẹ ti máa gbọ́ ọ, àwọn ọlọ́pàá New York tó pe iléeṣẹ́ wọn lẹ́jọ́ pé wọ́n ń fipá mú àwọn láti mú iye èèyàn kan lóṣooṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti kà á léèwọ̀ láti 2010. Wọ́n gba ohùn àwọn ọ̀gá wọn sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ọlọ́pàá fi ń mú ẹni tí ò ṣe nǹkan kan, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń mú un nìkan, èyí ni.

Time: The Kalief Browder Story (2017), apá mẹ́fà. Ọmọ ọdún 16 tí wọ́n ní ó jí báàgì, ọdún mẹ́ta ní Rikers, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú New York, láìgbẹ́jọ́, bí ọdún méjì nínú ẹ̀ ní yàrá àdáwà, wọ́n wá ní àwọn ò ṣẹjọ́ mọ́. Ó gbẹ̀mí ara ẹ̀ ní 2015. Ó ṣeé gbára lé, ó sì wúwo.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tí ò tíì wo ìkankan rí tó sì ní alẹ́ kan péré, The Thin Blue Line, kẹ́ ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí sùúrù yín ò bá gba fíìmù tó falẹ̀, The Central Park Five. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ti tó ọdún 14 tàbí 15 nílé, ẹ jọ wo Murder on a Sunday Morning, kẹ́ ẹ máa dá a dúró kẹ́ ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ní kó o fọwọ́ sí ìwé yìí ńkọ́. Ti New York ní ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ nínú, ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá ó ti tó irú ẹ̀ gbọ́.

Ẹni tó ń kọ́ nípa òfin tàbí tó ń kọ ìròyìn kóòtù, The Innocence Files kí Presunto culpable tẹ̀ lé e. Ẹni tó fẹ́ fi ìparí ọ̀sẹ̀ wo ohun gígùn, ẹ fún un ní Paradise Lost ìkíní àti ìkẹta. Making a Murderer, mo máa ní kẹ́ ẹ fi sí ìkẹyìn, nígbà tẹ́ ẹ bá ti wo méjì mẹ́ta tójú yín ti là sí ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa béèrè, kẹ́ ẹ sì ka ohun tí wọ́n sọ nílé ẹjọ́ mọ́ ọn.

Tẹ́ ẹ bá ní èèyàn yín látìmọ́lé lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ti Kalief Browder báyìí, kò sí ohun tó máa fi kún un fún yín ju àìsùn lọ. Long Shot ni kẹ́ ẹ wò, tí ara yín bá sì gbà á, kẹ́ ẹ wo ti Brenton Butler, kẹ́ ẹ kọ àwọn ìbéèrè tí McGuinness ń béèrè sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú un lọ fún lọ́yà yín.